Lẹ́tà ṣíṣí sí David Cameron: ibo lẹ ní ká kó ẹrù lọ?

Ọ̀gbẹ́ni David Cameron, olórí ìjọba Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti fi jẹ Lọ́ọ̀dù báyìí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ Yorùbá, mi ò sì retí pé ẹ máa wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ọ ní Peckham, ní Woolwich, ní Dagenham, títí dé Dublin, wọn ò kéré, ọ̀pọ̀ wọn ló sì dìbò lọ́jọ́ tí ẹ bi wá bóyá kí Ìlú Ọba kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bí èmi náà ṣe dìbò. Bí ẹ ò bá dá mi lóhùn, àwọn á dá mi lóhùn.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Elélùbọ́ ní Rye Lane, ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù. Èlùbọ́, gààrí, epo pupa, ẹ̀gúsí, panla, gbogbo ohun tí ọmọ Yorùbá fi ń rántí ilé ni mo ń tà, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà níbẹ̀. Mi ò kàwé òṣèlú. Ọjà ni mo mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn gan-an, ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016. Ọjọ́bọ̀ ni. Òjò tó rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Omi ya wọ àwọn ilé ìdìbò kan débi pé wọ́n ní láti wá ibòmíràn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan, mo fi ọ̀rá bo orí, mo sáré dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní ká ti wá dìbò. Wọ́n fi okùn so pẹ́ńsùlù mọ́ tábìlì, ẹnu rẹ̀ ti kú. Òyìnbó tó wà níwájú mi fa bírò tirẹ̀ yọ lápò, ó ní òun ò ní fi pẹ́ńsùlù dìbò kí wọ́n má baà lọ pa á rẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé àwa ọmọ Nàìjíríà nìkan lẹ̀rù ìyẹn máa ń bà.

Ìwé náà ò ju pélébé lọ. Ìbéèrè kan, àpótí méjì. Ṣé kí Ìlú Ọba máa bá Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ, àbí kó kúrò níbẹ̀? Mo fa ìlà méjì kọjá ara wọn níwájú "kúrò", mo ká ìwé mi, mo jù ú sínú àpótí, mo padà sídìí ọjà.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà wà lára àwọn tó ní ká kúrò. Ní Southwark tí mò ń gbé, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó dìbò, ó lé ní 72 tó ní ká dúró. Mo wà nínú àwọn tó kù. Ó tó ọdún méjì kí n tó jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ mi, ọmọbìnrin mi kò sì bá mi jẹun lọ́jọ́ náà.

Ìdí tí mo fi ṣe é rèé. Ní àwọn oṣù tó ṣáájú ìbò, àwọn tó ń polongo pé ká kúrò wá bá àwa ará Commonwealth sọ̀rọ̀. Priti Patel, tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba yín, ń sọ fún àwọn tó ń ta oúnjẹ India pé bí a bá kúrò, ó máa rọrùn fún wọn láti mú alásè wá láti ilé, torí pé ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ará Yúróòpù kò ní jẹ́ tiwọn nìkan mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bàbá bàbá mi jagun fún ọba yín ní Burma. Ọmọ àbúrò mi tọrọ físà ọ̀sẹ̀ méjì láti wá jó níbi ìgbéyàwó ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn ò gbà pé ó máa padà. Ará Bulgaria kàn máa gbé báàgì rẹ̀ ni, á wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká tilẹ̀kùn náà, ká tún un ṣí fún gbogbo wa lọ́gbọọgba.

Lọ́jọ́ kan náà, ní Boston, ìlú kan ní Lincolnshire tí oko ẹ̀fọ́ yí ká, ó lé ní 75 nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò pé ká kúrò. Kò síbi tó jù ú lọ ní gbogbo Ìlú Ọba. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn nígbà náà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àjèjì ti pọ̀ jù. Ẹ bá mi wò ó. Èmi dìbò kí àwọn ènìyàn mi lè ráyè wọlé. Àwọn dìbò kí ẹnikẹ́ni má ráyè wọlé mọ́. Àpótí kan náà ló gbé ìbò wa mì. Wọ́n kà á pọ̀ lóru, ó jẹ́ 17,410,742. Mo wà nínú iye yẹn, ará Boston wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn olóṣèlú ti ń dìde nílé aṣòfin, wọ́n ń pariwo pé ìfẹ́ ará ìlú nìyí, ìfẹ́ ará ìlú ni kó ṣẹ. Èwo nínú rẹ̀? Tèmi ni àbí ti ará Boston?

Ẹnì kan wà tí kò dìbò rárá. Obìnrin ará Poland kan ló ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọdún 2004 ló dé, ọdún tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ wọnú Àjọ náà. Ọdún 12 ló ti ń san owó orí níbí, òun ló sì ń bá mi tú apá bùbá mi nígbà tí mo bá sanra. Kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò yẹn. Ọmọ àbúrò ọkọ mi tó wá kàwé, tó dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, tí kò tíì mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Lewisham, òun dìbò, torí pé ọmọ Commonwealth ni. Nínú gbogbo ará Yúróòpù, àfi ará Ireland, Malta àti Cyprus ni wọ́n gbà láyè. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà obìnrin náà yọjú sí mi, ó ní, "Màmá, ṣé o ti dìbò?" (Òyìnbó ò mọ ìyàtọ̀ láàárín o àti ẹ, mo ti gbà bẹ́ẹ̀.) Mo ní mo ti dì í. Kò bi mí léèrè èwo.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀yin.

Mi ò bá yín jà pé ẹ bi wá. Kí wọ́n bi ará ìlú léèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Harold Wilson, olórí ìjọba nígbà náà, bi wọ́n ní 1975, ọdún méjì lẹ́yìn tí Ìlú Ọba wọlé, nǹkan bíi 67 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní ká dúró. Òótọ́ ni pé ìjà inú ẹgbẹ́ yín lẹ fẹ́ fi ìbò wa parí. Nígbà tí ẹ ṣèlérí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2013, àwọn aṣòfin tiyín ló ń ta yín lẹ́sẹ̀, Nigel Farage àti UKIP, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tó fẹ́ ká kúrò, sì ń kó àwọn olólùfẹ́ yín lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn náà, mo lè fojú fò ó. Olóṣèlú ni yín.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní ọdún 2011, lábẹ́ ìjọba yín, ẹ bi wá bóyá ká yí bí a ṣe ń dìbò yan aṣòfin padà. Kí ẹ tó bi wá, ẹ ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí i. Ká ní a sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ayé ló mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nǹkan bíi 68 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ parí, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ní 2014, ẹ bá àwọn ará Scotland fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n dìbò bóyá wọ́n á kúrò lára Ìlú Ọba. Nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ṣáájú ìbò, àwọn tó fẹ́ kí Scotland kúrò ti gbé ìwé kan jáde tó lé ní ojú ewé 600: owó tí wọ́n máa ná, ọmọ ogun wọn, ta ni ọba wọn. Àwọn kan ní irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ó kéré tán, ìwé wà nílẹ̀ tí ènìyàn lè tọ́ka sí pé irọ́ rèé.

Ní 2016 ńkọ́? Àwọn tó ní ká kúrò kò kọ nǹkankan, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n kọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ ni ti ara bọ́ọ̀sì pupa yẹn, pé mílíọ̀nù 350 pọ́n-ùn là ń kó fún Yúróòpù lọ́sẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi ta gààrí mọ àṣìṣe tó wà níbẹ̀: ó ka owó tó jáde, kò yọ ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún wa, kò sì ka èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ padà sí àwọn àgbẹ̀ wa. Ẹni tó bá ń ṣírò ọjà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ọ̀la ló máa wáṣẹ́ míì. Ìjọba tiyín sì ná mílíọ̀nù 9.3 pọ́n-ùn lórí ìwé pélébé kan tí ẹ há sí gbogbo ilé, tèmi náà dé, mo fi nu gíláàsì ìdíwọ̀n. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká dúró, ẹ sì kọ ọ́ pé ohunkóhun tí a bá pinnu ni ìjọba máa ṣe. Ẹ ò kọ bí ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó gbèrò ohun tí wọ́n máa ṣe bí "kúrò" bá wọlé. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sọ ọ́ síta pé àìbìkítà tó burú jáì nìyẹn.

Mushin ni mo dàgbà sí. Ilé olójúlé mẹ́wàá, ilé ìwẹ̀ kan. Mo ti rí onírúurú ènìyàn tó kó jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tó kó ẹrù jáde láìtíì san owó ibòmíràn. Bí ìyàwó bá sọ fún ọkọ pé ilé yìí ti sú òun, ká kó, ohun tí ọkọ máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ibo?" Kì í ṣe pé ọkọ fẹ́ràn onílé, àbí pé ariwo àwọn ará ilé dùn mọ́ ọn. Ó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n máa gbé bẹ́ẹ̀dì lé ni. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ baálé. Ẹ pe gbogbo wa jọ, ẹ ní kí ẹni tí ilé yìí bá sú nawọ́ sókè. A nawọ́. Ilẹ̀ mọ́, ẹrù ti wà níta, òjò ṣì ń rọ̀, ẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní ẹ̀yin ń lọ.

Mo wo yín lórí tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kẹrinlélógún yẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi àti oníbàárà mẹ́ta. Ìyàwó yín dúró tì yín. Ohùn yín gbọ̀n díẹ̀ níparí, àánú yín ṣe mí, mi ò purọ́. Ní oṣù Kejì, ẹ ti sọ nílé aṣòfin pé bí ìlú bá ní ká kúrò, kíá ni ìwé ìkúrò máa lọ. Ẹ ò fi ránṣẹ́. Ẹ ní ẹni tó bá gbapò yín ni kó ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Keje, ẹ jáde wá sọ pé Theresa May ló ń bọ̀ wá gbapò yín, bí ẹ sì ṣe yí padà wọlé, ẹ ń fi imú kọrin, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde ṣì wà láyà yín. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Orin ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀ ni. Owó pọ́n-ùn nígbà yẹn ti já sí ibi tí kò dé láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, kọ́ńténà iṣu tí mo ti bá wọn dúnàá-dúrà ní dọ́là sì wà lójú omi.

Ẹ jẹ́ kí n mú panla wá síbi ọ̀rọ̀ yìí, torí mi ò tíì rí olóṣèlú kan tó mẹ́nu kàn án. Panla tí mò ń tà, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, láti Norway ló ti ń wá. Wọ́n máa ń so ó rọ̀ sórí igi níta ní Lofoten láti oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ òkun ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́, kò sí iyọ̀, kò sí iná. Lẹ́yìn ìbò, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń dárúkọ Norway lórí rédíò: ẹ jẹ́ ká ṣe bíi Norway, Norway ò sí nínú Àjọ, ara rẹ̀ le. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹja fún mi. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ti dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ní 1972 àti ní 1994, àwọn sì kọ̀ láti wọlé lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹja wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n kí ìbò 1994 tó wáyé rárá, wọ́n ti bá Yúróòpù ṣàdéhùn ọjà, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kìíní ọdún yẹn. Wọ́n ń sanwó sí i, ará Yúróòpù sì lè wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Ará Norway tó ní rárá mọ ilé tí òun wà, ó sì mọ iye owó ilé.

Àwa ńkọ́? Àwọn kan tó dìbò kúrò fẹ́ ti Norway. Àwọn kan fẹ́ àdéhùn ọjà nìkan, bíi ti Canada. Àwọn kan ò fẹ́ ká bá wọn sọ nǹkankan, ká kàn máa lọ. Nígbà tí Theresa May gbé àdéhùn ìkúrò tirẹ̀ wá sílé aṣòfin ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2019, aṣòfin 432 ló kọ̀ ọ́, 202 ló gbà á. Ìjọba kankan kò tíì jìyà irú rẹ̀ rí láyé òde òní. Ní oṣù Kẹta, àwọn aṣòfin gba ìṣàkóso ọjọ́ kan lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n to ọ̀nà mẹ́jọ kalẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n dìbò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Èmi àti ọmọbìnrin mi jọ ń wò ó, òun ló sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Ẹ wò ó, Mọ́mì, àwọn tó ń gba owó oṣù láti mọ̀ ọ́n ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n wá ní ẹ̀yin mọ̀ ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú pẹ́ńsùlù."

Ọ̀rọ̀ Ireland, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, àmọ́ mi ò lè fò ó. Ará Ìmẹ̀kọ ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ Ìmẹ̀kọ mọ̀ pé Kétu wà ní òdìkejì, ní ilẹ̀ Benin, pé ẹbí kan náà ni, pé àwọn òyìnbó ló fa ìlà kọjá láàárín wọn. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ibodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ó lé ní ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò fi rí ọmọ tirẹ̀ ní gbangba. Nítorí náà nígbà tí mo gbọ́ pé ibodè tó wà láàárín Àríwá Ireland, tó jẹ́ ti Ìlú Ọba, àti Ireland tó ṣì wà nínú Àjọ, gùn tó nǹkan bí 500 kìlómítà, pé ó lé ní 3,500 ènìyàn tó kú nínú ìjà lórí Àríwá Ireland kí àlàáfíà tó dé ní 1998, ara mi bù máṣọ. Mi ò ronú kan Ireland rárá nígbà tí mo fa ìlà méjì mi. Ìwé tí mo dìbò lé kò dárúkọ rẹ̀. Kẹ́yìn kẹ́yìn wọ́n yanjú rẹ̀ nípa gbígbé ibodè náà sínú òkun, láàárín Ìlú Ọba àti Àríwá Ireland tó jẹ́ apá kan ara rẹ̀. Bí babaláwo bá sọ irú àbá bẹ́ẹ̀ fún mi, mo máa gba owó mi padà ni.

Boris Johnson, tó gbapò lọ́wọ́ May, ló wá parí rẹ̀. A jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020; àdéhùn ọjà dé ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún náà, ó lé ní ojú ewé 1,200. Ọjọ́ kan péré ni ilé aṣòfin fi kà á tán, wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 30. Ìwé tó yẹ kí ẹ ti kọ ṣáájú ìbò, ọdún mẹ́rin àbọ̀ lẹ́yìn ìbò ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì kà á bí ẹni ń ka ìwé ìkéde òkú.

Kí ló ṣe mí? Mo ní oníbàárà ní Dublin, àwọn nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó tó ogún ilé. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti fi owó ránṣẹ́, mo máa di ẹrù wọn sínú páálí, panla, edé, èlùbọ́, ìrù, bí ẹni ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí Manchester. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, páálí mẹ́ta padà wá bá mi nílẹ̀kùn. Wọ́n ti ya wọ́n wò. Wọ́n lẹ ìwé aláwọ̀ ofeefee mọ́ wọn: ẹja láìní ìwé ìpẹja, láìní ìwé àyẹ̀wò ìlera. Ìrù ti fi òórùn rẹ̀ kí gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó dé. Ẹja tó wá láti Norway, tó kọjá òkun dé ọ̀dọ̀ mi, kò lè kọjá òkun kékeré mọ́ dé Dublin. Láàárín ọdún kan, àwọn oníbàárà náà ti rí ẹlòmíràn nílé wọn lọ́hùn-ún. Ó ku méjì tó ṣì máa ń pè mí, wọ́n ń pè láti kí mi ni.

Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ apá kejì, kí n má baà di ẹni tó ń sọ ohun tó dùn lẹ́nu nìkan. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún àwa ará Commonwealth, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Nígbà tí ará Yúróòpù ò lè wọlé bó ṣe wù ú mọ́, ilé ìtọ́jú arúgbó ò rí òṣìṣẹ́, ní oṣù Kejì ọdún 2022 ìjọba ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú. Àwọn ọmọ wa japa wọlé bí omi. Ọmọ àbúrò mi yẹn, tí wọ́n ní kò ní padà, ó dé lọ́dún náà pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ méjì, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó ní Kent, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ìbò tí mo dì ló ṣí ọ̀nà fún un, ó sọ ọ́ fún mi lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó di 2023, iye ènìyàn tó wọlé ju èyí tó jáde lọ ti lé ní 900,000 lọ́dún, kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ro bó ṣe máa rí lára ará Boston. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà: ní oṣù Kẹta ọdún 2024, olùtọ́jú kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́, ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà pa pátápátá fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti san owó fún ẹni tó ń bá a wáṣẹ́. Owó náà ti wọgbó. Èmi àti ará Boston, ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ sunkún, ẹ ò sì bi wá léèrè kí ẹ tó so wá pọ̀ mọ́ okùn kan.

Àwọn kan ti tún bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi ní kí Ìlú Ọba padà sínú Àjọ náà gba ìbuwọ́lù tó lé ní 100,000, wọ́n sì jíròrò rẹ̀ nílé aṣòfin ní 2025. Keir Starmer, olórí ìjọba nígbà náà, ní òun ò padà, òun kàn ń tún ọ̀rẹ́ ṣe. Ọmọbìnrin mi wà lára àwọn tó buwọ́ lù ú, ó gbé e wá fún mi. Mo ní ó dáa, ṣé pọ́n-ùn á di euro? Ẹ̀dínwó lórí owó Àjọ tí Thatcher, olórí ìjọba nígbà náà, jà fún tó sì gbà ní 1984, ṣé wọ́n á fún wa padà? Orílẹ̀-èdè 27 gbọ́dọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ṣé a ti bi wọ́n? Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kàn buwọ́ lù ú ná." Mo ní rárá o. Mo ti nawọ́ lẹ́ẹ̀kan láìbéèrè.

Àwọn ọkùnrin tó máa ń jókòó lórí àpò ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé náà ní ìbò tiwọn tí wọ́n ń pè fún, ti ilé, pé kí ilẹ̀ Yorùbá kúrò lára Nàìjíríà. Ohùn wọn máa ń ròkè. Mi ò bá wọn jiyàn bóyá ó dáa tàbí kò dáa. Mo máa ń bi wọ́n pé gbèsè Nàìjíríà ńkọ́, ta ló máa san èyí tó bá jẹ́ tiwa? Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kano ńkọ́? Ilé tí Ìgbò kọ́ sí Ajégúnlẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á ní kí Ìyá Elélùbọ́ máa wọn èlùbọ́ rẹ̀. Mo máa ń wọ̀n ọ́n.

Obìnrin aránṣọ ará Poland yẹn kò sí ní ẹ̀gbẹ́ mi mọ́. Ní 2019 ló kó padà sí Gdańsk. Kò bínú, ó kàn ní ó ti rẹ òun láti máa gbọ́ orúkọ òun lórí rédíò láràárọ̀. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó lọ tó ti ń fi fọ́tò hàn mí: ilé ìdáná tó ní wíńdò méjì, ibi tó máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, ìwé owó ilé tó ti san, ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbà mọ́wọ́. Bùbá mi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn títí ó fi parí rẹ̀, kò gba owó.

Ìbéèrè mi kan ṣoṣo sí yín nìyí, ẹ sì lè fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn Number 10, ilé olórí ìjọba, jáde wá bá wa sọ̀rọ̀, ìwé wo ló wà lórí tábìlì yín?

Mo ń retí èsì.

Èmi ni,
Ìyá Elélùbọ́
Rye Lane, Peckham